Ṣé ariwo lè padà di orin létí ẹni?

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ni mo wà, èmi ni mò ń ta gìtá báàsì nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kàwé ní Kútọnu fi àlbọ́ọ̀mù àwọn Underoath, ẹgbẹ́ olórin kan ní Amẹ́ríkà, ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, Define the Great Line ni wọ́n ń pè é, ó ní orin Kristẹni ni, pé kò sí èyí tí òun fẹ́ràn tó o láyé yìí. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, orí ló ń fọ́ mi. Màmá mi ní kí n tètè pa ohun ẹ̀mí àìmọ́ yẹn. Ọ̀rẹ́ mi ní òun náà kórìíra ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, pé kí n ṣe sùúrù. Ṣé sùúrù lèèyàn fi ń fẹ́ràn orin ni, àbí etí ara ẹni lèèyàn ń tàn jẹ? Ṣé ti Kristẹni sì ni lóòótọ́?"

Àbúrò mi, kú iṣẹ́ ìjọ o. Bá mi kí màmá, má sì bá wọn jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí rárá, mò ń bọ̀ lórí ohun tí wọ́n sọ torí òótọ́ wà níbẹ̀.

Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣètò ohùn fún àwọn ìjọ níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), báàfù, mikró, gìtá, gbogbo ẹ̀ ló ń gba ọwọ́ mi kọjá. Àlbọ́ọ̀mù tí o sọ yìí dé ọwọ́ mi ní 2007, ìbátan mi kan tó ti òkè òkun dé ló fún mi ní CD ẹ̀, mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré, mo gbé e jù sínú àpótí, ó tó ọdún mẹ́rin kí n tó tún fọwọ́ kàn án. Lónìí tí wọ́n bá ní kí n mú àlbọ́ọ̀mù márùn-ún péré nínú gbogbo èyí tí mo ní, ó wà níbẹ̀. Torí náà mo mọ ibi tó ti ń dùn ẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni, èèyàn lè padà fẹ́ràn ẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀tàn. Àmọ́ ọ̀rẹ́ ẹ ò ṣàlàyé tán, torí sùúrù nìkan ò lè ṣe é. Tó o bá ń gbọ́ ọ bó o ṣe ń gbọ́ ọ yìí nígbà ọgọ́rùn-ún, orí á kàn fọ́ ẹ nígbà ọgọ́rùn-ún ni. Etí ẹ ló gbọ́dọ̀ kúrò níbi tó dúró sí.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti fóònù kúrò ńlẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ẹnu fóònù yẹn gan-an lo ti ń gbọ́ ọ, láìfi nǹkan kan sétí. Ìwọ tó ò ń ta báàsì, okùn tó wúwo jù lára gìtá ẹ, ìgbà 41 ló ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, 41 Hz là ń pè é, kò sì sí bí báàfù tíńtín tó wà nínú fóònù ṣe lè gbé ohùn tó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ jáde, inú ẹ̀ ló ń kú sí. Àwọn Underoath tiẹ̀ tún dẹ okùn gìtá wọn sílẹ̀ kó lè wúwo sí i, ìyẹn ni pé ibi tí iṣẹ́ wọn pọ̀ sí jù ni fóònù ẹ ò lè sọ. Ohun tó wá kù tó ń jáde ni aro tó ń dún ṣáà ṣáà àti igbe ẹni tó ń pariwo. Wọ́n ti kó ẹran àti omi ẹran kúrò nínú ọbẹ̀, ata nìkan ni wọ́n bù fún ẹ, o wá ń sọ pé ọbẹ̀ náà ta jù. Ó ta lóòótọ́! Àmọ́ o ò tíì jẹ ọbẹ̀ yẹn. Wá kásíkì tó ń bo etí méjèèjì, bí kò tiẹ̀ wọ́n, kí o gba àlbọ́ọ̀mù náà síbi tí ohùn ẹ̀ ti mọ́, má yí i sókè. Àwọn èèyàn rò pé orin tó wúwo, kíkan ni wọ́n ń kàn án mọ́ etí, ìyẹn ló ń ba nǹkan jẹ́. Etí tó ti rẹ̀ kì í yà nǹkan sọ́tọ̀ mọ́, gbogbo ẹ̀ á di ọ̀kan.

Ó yá, ọ̀rọ̀ gidi wá kàn.

Ìwọ ọmọ Kétu ni, ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ohun tí UNESCO kéde ní 2001 pé ogún gbogbo ayé ni. Bí ìdílé yín ò bá tiẹ̀ lọ sí agbo, ìlù yẹn ń dún dé àdúgbò yín, o mọ̀ ọ́n. Ó dá mi lójú pé o ti rí àlejò tó dúró ní etí agbo rí, tó ń wo ojú onílù, tó ń wo ojú oníjó, tó ń rẹ́rìn-ín ṣá torí kò mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Létí tiẹ̀, igi ni wọ́n fi ń lu awọ. Létí tìrẹ, ìyá ìlù ń sọ̀rọ̀, àwọn ìlù kéékèèké ń gbè é lẹ́sẹ̀, o mọ ìgbà tó ń pe oníjó, o mọ ìgbà tó fẹ́ já, ṣaworo ẹsẹ̀ oníjó sì ń dá a lóhùn ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Ta ló kọ́ ẹ? Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ ẹ. O ti gbọ́ ọ títí tí etí ẹ fi lè sọ ohun tó ń bọ̀ kó tó dé.

Níbẹ̀ gan-an ni gbogbo ẹ̀ wà. Adùn orin, púpọ̀ nínú ẹ̀ jẹ́ pé ọpọlọ ń fojú sọ́nà, ó ń sọ nínú ara ẹ̀ pé "ó máa bọ́ síbí báyìí", tó bá bọ́ síbẹ̀ inú ẹ̀ á dùn, tó bá yà lójijì tó wá padà bọ́ síbẹ̀ inú ẹ̀ á tún dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orin tí o ò mọ ibi tó ń lọ rárá, ọpọlọ ò rí nǹkan dìmú, ó ń ṣubú káàkiri, ìyẹn là ń pè ní ariwo. Ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Robert Zajonc gbé ìwádìí jáde ní Amẹ́ríkà ní 1968 tó fi hàn pé ohun tí èèyàn bá ń bá pàdé léraléra, ọkàn ẹ̀ á máa fà sí i díẹ̀díẹ̀ bí òun gan-an ò tiẹ̀ fura. Mo gbà á gbọ́, mo ti rí i lára àwọn èèyàn, àmọ́ kò tó, torí mo mọ àwọn orin tí mo ti gbọ́ nígbà ẹgbẹ̀rún tí wọn ò wọ̀ mí lára títí dòní. Pípàdé nìkan kọ́ o, kí o rí ibi dìí mú ni.

Ibi tí màá ní kí o dìí mú ni dírọ́ọ̀mù, torí oníbáàsì ni ẹ́, ọmọ ìyá kan náà ni báàsì àti dírọ́ọ̀mù. Gbàgbé igbe. Gbàgbé gìtá. Ẹni tó ń lu dírọ́ọ̀mù níbẹ̀, Aaron Gillespie, òun náà ló ń kọ ohùn dídùn tó o máa ń gbọ́ láàárín igbe yẹn, orí ìlù ló jókòó sí tó ti ń kọ ọ́. Spencer Chamberlain ló ń kígbe. Tó o bá ti mọ̀ pé èèyàn méjì ni, pé ẹnì kan ń lé e, ẹnì kan ń gbè é, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn, torí lílé àti ègbè, ta ló fẹ́ kọ́ ọmọ Yorùbá nìyẹn? Èmi ò fura sí èyí fún ọdún mẹ́rin gbáko. Mo rò pé ẹnì kan ló ń pariwo tó wá ń rẹ̀ ẹ́ tó ń kọrin.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí mi. Ní 2011, ìjọ kan gbé báàfù ńlá wọn wá fún mi pé ohùn ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti kú, mo tún un ṣe tán lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ń wá orin tó wúwo tí màá fi dán an wò, ni mo bá rántí CD inú àpótí yẹn. Mo fi í sí i, mi ò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ ọ, báàfù ni mo fẹ́ gbọ́, mo kàn fò lọ sí orin keje láìnídìí. Casting Such a Thin Shadow ni wọ́n ń pè é, òjìji ẹni tó ti tín-ín-rín tán. Fún ìgbà pípẹ́ níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀, gìtá nìkan, ó ń lọ, ó ń pọ̀ sí i, dírọ́ọ̀mù ń gun orí ẹ̀ bí ẹni ń gun òkè Sàbẹ́, wéréwéré kọ́, díẹ̀díẹ̀, èmi sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ́ṣì lọ́wọ́. Nígbà tí ohùn wá dé, tí igbe yẹn bọ́ sílẹ̀, kò bá mi lójijì mọ́. Mo ti ń retí ẹ̀. Mo ti mọ̀ pé ohun tó ń bọ̀ á tóbi, torí gbogbo ohun tó ṣáájú ti ń sọ ọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí igbe wọn wọlé sí mi lára bí igbe èèyàn.

Àmọ́ gbọ́ mi o, mi ò fẹ́ràn àlbọ́ọ̀mù náà lálẹ́ yẹn. Orin kan ṣoṣo yẹn ni mo fẹ́ràn, ó tó oṣù mẹ́ta tó jẹ́ òun nìkan ni mò ń gbọ́, mẹ́wàá tó kù ṣì ń dá mi lágara. Lẹ́yìn náà ni orin ìkọkànlá, To Whom It May Concern, èyí tó kẹ́yìn, tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Látibẹ̀ mo padà sẹ́yìn sí ìkẹfà, Returning Empty Handed, ẹni tó padà sílé lọ́wọ́ òfo. Orin àkọ́kọ́, In Regards to Myself, tó jẹ́ pé òun ló lé èmi àti ìwọ jáde torí igbe ló fi ṣílẹ̀kùn, òun ló kẹ́yìn tí mo fẹ́ràn. Wò ó, ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà wọlé. Ìyẹn ni mo ṣe ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé kí wọ́n má gba ojúlé, kò sí òfin tó ní orin kìíní lèèyàn gbọ́dọ̀ fi bẹ̀rẹ̀.

Irú orin yìí, post-hardcore, látinú hardcore ló ti jáde, orin pọ́ǹkì tó ń sáré tó ń pariwo tó kúrú. Láàárín àwọn ọdún 1980, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Washington bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i, ẹgbẹ́ Rites of Spring wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ Fugazi tẹ̀ lé e, wọ́n fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ sí i, wọ́n fi ẹ̀dùn ọkàn sí i. Torí náà kì í ṣe igbe ni ọkàn orin náà, bí ó ṣe ń ti ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bọ́ sínú igbe tó tún padà ni. Àwọn Underoath fúnra wọn, ọmọ Tampa ní Florida ni wọ́n, 1997 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Àlbọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣe ní 2004 dùn létí, ó rọrùn, àwọn èèyàn fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, ẹlòmíì á kàn tún irú ẹ̀ ṣe kó fi gbowó. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá gbé èyí tó wúwo yìí jáde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹfà 2006, wọ́n sì ta nǹkan bíi 98,000 lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó bọ́ sí ipò kejì lórí Billboard 200, àtẹ àwọn àlbọ́ọ̀mù tó ń tà jù ní Amẹ́ríkà. Mo nífẹ̀ẹ́ sí ìgboyà yẹn. Adam Dutkiewicz tó ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ olórin Killswitch Engage wà lára àwọn tó bá wọn ṣètò ohùn ẹ̀, pẹ̀lú Matt Goldman, tó o bá sì gbọ́ ọ dáadáa nínú kásíkì wàá rí i pé gbogbo nǹkan ló ní àyè tiẹ̀, kò sí èyí tó gun èkejì lórí. Iṣẹ́ mi ni mò ń sọ yẹn, mo mọ bó ṣe le tó.

Ní ti igbe, màmá ẹ àti ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹni náà ń ya ọ̀fun ara ẹ̀ ni tàbí pé nǹkan kan gùn ún. Ọ̀pọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ò fi okùn ohùn nìkan kígbe báyìí, ẹran kan wà lókè okùn ohùn yẹn nínú ọ̀nà ọ̀fun, òun ni wọ́n ń sún mọ́ra tí atẹ́gùn fi ń gba ibẹ̀ kọjá tó fi ń há. Wọ́n ń kọ́ ọ ni, bí o ṣe kọ́ báàsì. Má ṣe gbìyànjú ẹ̀ láìsí ẹni tó kọ́ ẹ o, wàá fi ọ̀fun ẹ ṣòfò, ìjọ sì nílò ohùn ẹ.

Ṣé ti Kristẹni ni? Ibí ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀.

Ohun tó dé bá mi nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ inú orin wọn ni pé kì í ṣe orin ìyìn. Faransé ni wọ́n fi kọ́ èmi àti ìwọ nílé ìwé, Gẹ̀ẹ́sì ò yá wa létí, ká má tíì sọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi igbe sọ, torí náà wá ọ̀rọ̀ orin náà ní kíkọ, kí o túmọ̀ ẹ̀ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń rì ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó mọ ohun tó dáa tí kò sì lè ṣe é. Spencer fúnra ẹ̀ ti sọ ọ́ fáyé gbọ́ lẹ́yìn náà pé òun ń bá oògùn olóró jà lásìkò yẹn, 2006 náà ni wọ́n fi ìrìn àjò orin ńlá kan sílẹ̀ lágbede méjì kí wọ́n lè lọ tún àárín ara wọn ṣe. Ẹni tó wà nírú ipò yẹn tó wá ń kọ Haleluya pẹ̀lú ẹ̀rín, irọ́ ló ń pa fún Ọlọ́run. Ó kígbe. Ṣí Bíbélì ẹ sí Sáàmù 88, kà á dé ìparí, púpọ̀ nínú Sáàmù tó ń sunkún ló ń padà fi ìyìn parí, èyí ò ṣe bẹ́ẹ̀, inú òkùnkùn ló dákẹ́ sí, wọn ò sì yọ ọ́ kúrò nínú Bíbélì. Jésù fúnra ẹ̀ lórí àgbélébùú, ohùn rara ló fi kígbe pé Ọlọ́run òun, èé ṣe tí o fi kọ̀ mí sílẹ̀. Nínú àlbọ́ọ̀mù náà, orin karùn-ún, Sálmarnir, èdè Íslándì ni orúkọ ẹ̀, Sáàmù ló túmọ̀ sí, ẹnì kan ń ka Sáàmù níbẹ̀ lédè Rọ́ṣíà. Àárín gbùngbùn ariwo ni wọ́n gbé e sí.

Àwa tí a wà ní Àjàṣẹ́ níbí, ìlú tí Oshoffa ti dá Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án 1947, a mọ àdúrà òru. Mo ti gbé mikró sílẹ̀ ní àìmọye àìsùn, ìjọ oríṣiríṣi, mo ti gbọ́ obìnrin tó ń ké pe Ọlọ́run nítorí ọmọ ẹ̀ títí tí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu ẹ̀ tó wá ku ohùn nìkan. Ẹnikẹ́ni ò sọ pé kó dákẹ́. Ẹnikẹ́ni ò sọ pé ariwo ni. Nígbà tí mo wá so igbe Spencer mọ́ igbe obìnrin yẹn nínú ọkàn mi, mi ò tún gbọ́ àlbọ́ọ̀mù náà bí mo ṣe ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ mọ́.

Mi ò ní fi ìyókù pa mọ́ fún ẹ. Aaron kúrò lọ́dọ̀ wọn ní 2010, ó tiẹ̀ lọ ṣe àlbọ́ọ̀mù ìjọsìn tiẹ̀ ní 2011. Wọ́n tú ká ní 2013, wọ́n padà kóra jọ ní 2015, Aaron náà padà, ní 2016 wọ́n rìn káàkiri tí wọ́n ń kọ àwọn orin àlbọ́ọ̀mù yìí látòkè délẹ̀ fáwọn èèyàn. Nígbà tó wá di 2018 tí wọ́n gbé Erase Me jáde, wọ́n sọ ọ́ gbangba pé àwọn kì í ṣe ẹgbẹ́ olórin Kristẹni mọ́. Ó dùn mí. Ó dùn mí gan-an, bí ìgbà tí ẹni tí ẹ jọ ń gbàdúrà bá sọ pé òun ò wá mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kó CD yẹn dànù. Mi ò kó o. Àdúrà tí wọ́n gbà ní 2006, wọ́n gbà á tọkàntọkàn, Ọlọ́run tó gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn ò ní torí 2018 sọ pé òun ò gbọ́ ọ. Mo ṣì ń rántí wọn nínú àdúrà tèmi. Tí ẹ̀rí ọkàn ẹ bá sọ nǹkan mìíì fún ẹ, tẹ̀ lé e, mi ò ní bá ẹ jà.

Ọ̀rọ̀ màmá wá kàn. Òótọ́ tí wọ́n sọ ni pé ohùn tí èèyàn ò gbọ́ ohun tó ń sọ, ó yẹ kó bani lẹ́rù. Wọn ò mọ̀ bóyá èpè ni tàbí ẹ̀bẹ̀, ìwọ náà ò sì mọ̀, o kàn ń fi í dún nínú ilé wọn ni. Yí i pa nílé. Túmọ̀ ọ̀rọ̀ orin kan sí Yorùbá, kọ ọ́ sórí ìwé, kà á fún wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan láìfi orin sí i. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ tí wọ́n tún ní àwọn ò fẹ́ ẹ, ilé wọn ni, ó parí. Àti ìwọ náà o, tó o bá rí i pé ó ń mú ọkàn ẹ wúwo lọ́nà tí kò dáa, tó ò ń sùn tó ò ń jí pẹ̀lú ìbànújẹ́ ẹlòmíì, gbé e jù sílẹ̀. Mi ò ro gbogbo orin inú ẹ̀ sí rere náà, ìkẹjọ, Moving for the Sake of Motion, mo ti gbọ́ ọ fún ọdún tó pọ̀, n kì í dúró gbọ́ ọ tán.

Ohun tí o máa ṣe rèé. Má gbọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí etí ẹ sinmi kúrò nínú ìbínú. Lọ́jọ́ Sátidé kan lẹ́yìn ìdánrawò, tọrọ àyè lọ́wọ́ olórí akọrin yín, so fóònù ẹ mọ́ báàfù ìjọ, fi orin keje sí i, má kàn án jù, kí o gbé báàsì ẹ kọ́rùn láìta á, kí o dúró síbi tó o máa ń dúró sí. Fi ìka wá ibi tí oníbáàsì wọn, Grant Brandell, wà lórí okùn. Tó o bá ti rí i, kódà bó jẹ́ ohùn mẹ́ta péré, tún un gbọ́ látìbẹ̀rẹ̀, bá a ta ohùn mẹ́ta yẹn. Orin kan péré láàárín oṣù kan. Tí oṣù mẹ́ta bá pé tí kò sí nǹkan kan, dá a padà fún ọ̀rẹ́ ẹ, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, etí kò gba ohun gbogbo. Àmọ́ tí ìka ẹ bá ti mọ ibi tó kàn kí orin tó débẹ̀, kọ̀wé sí mi padà, sọ ibi tó jẹ́ fún mi, mo fẹ́ mọ̀ ọ́n.